Ọmọ Tí Kò Jẹ́pè: Ìtàn Ìwọ̀n Aṣojú Nínú Ìdánwò Àgbáyé àti Àríyànjiyàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lórí PISA

Ìfáárà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni èsì ìdánwò PISA ti ọdún 2009 jáde. Michael Gove, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi èsì yìí wé ti ọdún 2000. Ó sọ pé láàrin ọdún mẹ́sàn-án náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ti já láti ipò 4 sí ipò 16 nínú sáyẹ́ǹsì, láti ipò 7 sí ipò 25 nínú ìwé kíkà, àti láti ipò 8 sí ipò 28 nínú ìṣirò. Ìkéde yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fi ti àtúntò ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá lé lẹ́yìn, àwọn oníwèé-ìròyìn sì gbé e káàkiri gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ ti ń jó àjórẹ̀yìn.

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ẹkún. Àwọn ọmọ wo ni a kà ní ọdún 2000, àwọn wo ni a kò sì kà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí wà nínú ohun kan tí kì í sábà dé etí-ìgbọ́ olùkọ́, èyí tí iṣẹ́ yìí pè ní ìwọ̀n aṣojú. Iṣẹ́ yìí tọpinpin bí ìwọ̀n aṣojú ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe wọ inú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìwọ̀n aṣojú lè dá àwọn tí kò wá padà sínú ìṣirò níwọ̀n ibi tí àkọsílẹ̀ bá mọ̀ wọ́n dé; ohun tí àkọsílẹ̀ kò mọ̀ nípa wọn, kò sí bí ìwọ̀n ṣe lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìwọ̀n aṣojú jẹ́

PISA ni ìdánwò tí àjọ OECD ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15 láti ọdún 2000. Yàtọ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké bí Iceland àti Luxembourg, tí wọ́n lè pe gbogbo ọmọ tí ọjọ́-orí wọn bá a mu, díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ni à ń dán wò. Ìpele méjì ni wọ́n ń gbà mú wọn. Wọn a kọ́kọ́ ṣẹ́ gègé láàrin àwọn ilé-ẹ̀kọ́, wọn a sì mú ó kéré tán 150. Lẹ́yìn náà ni wọn a tún ṣẹ́ gègé láàrin àwọn ọmọ inú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2000, ọmọ 35 ni wọ́n sábà ń mú níbì kan.

Ọmọ tí gègé bá mú kì í ṣe ti ara rẹ̀ nìkan mọ́. Ó ń ṣojú fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí gègé kò mú, iye àwọn tí ó sì ń ṣojú fún ni ìwọ̀n rẹ̀. Kí a sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní 200 ọmọ ọdún 15, a sì mú 40 nínú wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró fún 5. Bí ó bá tún jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú 20 irú rẹ̀ ni gègé mú, 5 náà yóò di ìlọ́po 20, ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ 100.

Ìka kò dọ́gba, ìwọ̀n àwọn ọmọ kì í sì í dọ́gba. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ ìṣesí ẹkùn kékeré kan dáadáa, wọn a mú ọmọ púpọ̀ níbẹ̀ ju iye tí ó kàn án lọ. A ó wá dín ìwọ̀n àwọn ọmọ ẹkùn náà kù kí ohùn wọn má baà bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá kó gbogbo máàkì pọ̀ tí ó pín in láìka ìwọ̀n sí yóò rí iye kan, ṣùgbọ́n iye náà kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan.

Ọjọ́ ìdánwò ni ìṣòro gan-an máa ń dé. Nínú 40 tí a pè, ó lè jẹ́ 32 ni yóò jẹ́pè. Ara ẹlòmíràn kò yá, òbí ẹlòmíràn kò fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn kàn pa kíláàsì jẹ ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn a pín ẹrù àwọn 8 tí kò wá fún àwọn 32 tí ó wá, kí ìwọ̀n olúkúlùkù lè gòkè láti 100 sí 125. Iye àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà dúró fún yóò pé bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo máàkì. Bí àwọn 32 bá gba 60 ní ìpíndọ́gba, tí àwọn 8 ì bá sì gba 40 ká ní wọ́n wá, 56 ni ìpíndọ́gba òtítọ́. Èsì tí yóò jáde ni 60. Ìwọ̀n ti dí àlàfo, ó sì fi ẹni tí ó mọ̀wé dí ààyè ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Láti Bern dé London

Kì í ṣe inú ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Anders Kiær, ará Norway, ni ó dúró níwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ sitatísíìkì àgbáyé ní Bern ní ọdún 1895, tí ó sọ pé kò pọn dandan kí a ka gbogbo ènìyàn kí a tó mọ ìṣesí àwùjọ. Díẹ̀ tí a fara balẹ̀ yàn lè ṣojú fún gbogbo wọn. Àwọn kan takò ó gidigidi. Lójú tiwọn, ìkànìyàn nìkan ni ìmọ̀, ohun yòówù tí kò bá tó o, àbá lásán ni.

Nígbà tí àríyànjiyàn yẹn fi rọlẹ̀, òmíràn ti dìde: báwo ni kí a ṣe yan àwọn díẹ̀ náà? Ṣé kí ọlọ́gbọ́n fi ojú yàn wọ́n ni, àbí kí a ṣẹ́ gègé? Ilẹ̀ Ítálì ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ fara hàn kedere, ó sì jẹ́ ìdáhùn tí ó fakíki fún àwọn tí ó wádìí rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fẹ́ palẹ̀ ìwé ìkànìyàn ọdún 1921 mọ́ kí ààyè lè wà fún ti ìkànìyàn tí ó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ fi díẹ̀ pamọ́ fún ìwádìí ọjọ́ iwájú. Corrado Gini àti Luigi Galvani ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Nínú àgbègbè 214, wọ́n fara balẹ̀ ṣa 29 tí ìpíndọ́gba wọn bá ti gbogbo ilẹ̀ Ítálì mu lórí ohun méje tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn ohun mìíràn wò, àwọn 29 náà kò jọ Ítálì. Kódà lórí àwọn méje tí wọ́n fi ṣa wọ́n, ìpíndọ́gba nìkan ni ó bára mu; bí àwọn ènìyàn ṣe fọ́n ká yí ìpíndọ́gba náà po kò bára mu.

Jerzy Neyman, onímọ̀ sitatísíìkì láti ilẹ̀ Pólándì, gbé ọ̀rọ̀ Ítálì yìí yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ tí ó kà fún Ẹgbẹ́ Ọba ti Onímọ̀ Sitatísíìkì ní London ní ọdún 1934. Ó fi hàn pé fífi ojú yàn kò ní ààbò kankan bí ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá yẹ̀, àti pé ó sàn kí a pín àwùjọ sí ẹ̀ka, kí a sì ṣẹ́ gègé nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ gègé mọ àǹfààní tí olúkúlùkù ní láti bọ́ sínú àṣàyàn; bí ó bá sì mọ̀ ọ́n, ó lè ṣírò bí àṣìṣe òun ṣe lè pọ̀ tó. Ìpìlẹ̀ tí gbogbo ìdánwò àgbáyé òde òní dúró lé nìyẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí ẹ̀kọ́ kan náà gbà lọ́nà tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ìwé ìròyìn Literary Digest fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn ṣáájú ìbò ààrẹ ọdún 1936. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 tí ó dáhùn, wọ́n sì sọ pé Alf Landon ni yóò wọlé. Franklin Roosevelt ni ó wọlé, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Ohun tí ó ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ kì í ṣe àìtó iye. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé tí wọ́n lò, àti àwọn tí ó yọ̀ǹda láti dáhùn, kò jọ àwọn tí ó dìbò.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù kò pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ní ọdún 1940, Edwards Deming àti Frederick Stephan kọ́ni bí a ṣe lè tún ìwọ̀n ṣe léraléra títí yóò fi bá iye tí ìkànìyàn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ mu. Morris Hansen àti William Hurwitz fi hàn ní ọdún 1943 bí a ṣe lè fún ibi tí ó tóbi ní àǹfààní tí ó tóbi láti bọ́ sínú àṣàyàn. Nígbà tí ó di ọdún 1952, Horvitz àti Thompson sọ gbogbo rẹ̀ di òfin kan ṣoṣo: ẹni tí àǹfààní rẹ̀ láti bọ́ sí i jẹ́ ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí a kà á sí ọgọ́rùn-ún. Òfin náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rọrùn láti gbàgbé pé ó gbà pé gbogbo ẹni tí a pè ni yóò wá.

Ìwọ̀n wọ ilé-ẹ̀kọ́

Àjọ IEA ni ó gbé ọgbọ́n yìí wọ inú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ìdánwò ìṣirò wọn àkọ́kọ́, tí ó wáyé ní ọdún 1964, kan orílẹ̀-èdè 12. Gilbert Peaker, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ àṣàyàn ní ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ yẹn, ó sì kọ ìròyìn kan ní ọdún 1975 lórí iṣẹ́ tí IEA ṣe ní orílẹ̀-èdè 21. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ẹni tí ó mọ inú kíláàsì ni ó ń ṣe ìṣirò náà. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí.

Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ó kópa nínú ìdánwò ìṣirò kejì ti IEA ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì kópa nínú ti sáyẹ́ǹsì kejì tí ó tẹ̀ lé e. Nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ipò tí orílẹ̀-èdè wà ni ojú olùkàwé kọ́kọ́ máa ń lọ bá, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú-ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe yan àwọn ọmọ ni ó sọ ẹni tí ipò náà jẹ́ tirẹ̀.

Ìwọ̀n mìíràn tún wà tí àwọn onímọ̀ sọ ní orúkọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a lè pè ní ìwọ̀n sẹ́nétọ̀. Bí a bá fẹ́ ṣírò ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè, tí a sì lo ìwọ̀n lásán, orílẹ̀-èdè ńlá bí Amẹ́ríkà yóò gbé àwọn kéékèèké mì. Nítorí náà, nínú ìdánwò TIMSS, tí IEA dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, ìwọ̀n yìí mú kí àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500, bí ó ti wù kí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà, tí ó mọ̀ pé sẹ́nétọ̀ mẹ́ta náà ni Èkó ní, mẹ́ta náà sì ni Bayelsa ní.

PISA gba gbogbo ogún yìí, ó sì fi òfin tì í lẹ́yìn. Ó fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ 85 nínú 100 tí gègé bá kọ́kọ́ mú jẹ́pè. Bí wọ́n bá dín ní 85 ṣùgbọ́n tí wọ́n tó 65, a lè mú ilé-ẹ̀kọ́ arọ́pò, tí a ti yàn sílẹ̀ nítorí pé ó jọ èyí tí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó kọ̀ níbẹ̀rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iye tí arọ́pò gbọ́dọ̀ mú wá yóò ṣe ga tó. Ní ti àwọn ọmọ, 80 nínú 100 gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tí ó bá ka òfin wọ̀nyí yóò rò pé iye ni ààbò: bí iye bá pé, èsì ti dára. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìgbàgbọ́ yìí ti fọ́.

Ọdún 2000 àti ọdún 2003

Kò sí ipá nínú ìdánwò yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá fẹ́ lè kọ̀, púpọ̀ sì kọ̀. Ní ọdún 2000, nǹkan bí 61 nínú 100 ilé-ẹ̀kọ́ tí gègé kọ́kọ́ mú ní Ìlú Ọba ni ó gbà. Àwọn arọ́pò ni ó gbé iye náà dé 82, àwọn ọmọ tí ó wá sì jẹ́ 81 nínú 100. Iye àkọ́kọ́ kò tó 65 tí òfin béèrè, síbẹ̀ OECD gba èsì náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dára gan-an: 523 nínú ìwé kíkà, 529 nínú ìṣirò, 532 nínú sáyẹ́ǹsì, nígbà tí ìpíndọ́gba àwọn orílẹ̀-èdè OECD jẹ́ 500. Ní ọdún kan náà, wọ́n yọ Netherlands kúrò nínú àfiwé nítorí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́pè níbẹ̀ kéré jù.

Ní ọdún 2003, ó yí kan Ìlú Ọba. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 64 nínú 100, arọ́pò gbé e dé 77, àwọn ọmọ tí ó wá sì jẹ́ 78, tí kò tó 80. Wọ́n yọ Ìlú Ọba kúrò nínú tábìlì àfiwé. Fún orílẹ̀-èdè tí Peaker ti jáde, ìtìjú kékeré kọ́ ni.

Ìjọba kò jókòó tẹtẹrẹ. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé iṣẹ́ ìwádìí lé àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southampton lọ́wọ́. John Micklewright àti Sylke Schnepf kọ́kọ́ jábọ̀ ní ọdún 2006; àwọn méjèèjì àti Chris Skinner sì tẹ iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ sí i jáde ní ọdún 2012. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ wọn níyì ni pé wọ́n ní ohun tí Gini àti Galvani kò ní. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ máàkì ìdánwò ìjọba tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní ọmọ ọdún 14 àti ọmọ ọdún 16. Nítorí náà, ọmọ tí gègé PISA mú tí kò jẹ́pè, tí PISA kò mọ ohunkóhun nípa ọpọlọ rẹ̀, máàkì rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn onímọ̀ lè wo ojú àwọn tí kò wá.

Ohun tí wọ́n rí kò bá ohun tí púpọ̀ ń retí mu. Kíkọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́, tí ìrònú gbogbo ènìyàn wà lé lórí, kò yí èsì padà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ni. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà pàápàá, àwọn tí kò jókòó fún ìdánwò jẹ́ àwọn tí máàkì wọn rẹlẹ̀ nínú ìdánwò ìjọba. Èyí gbé ìpíndọ́gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì mú kí ó dà bí ẹni pé àlàfo láàrin ọmọ tí ó mọ̀wé àti ọmọ tí kò mọ̀wé kéré ju bí ó ti rí. Ìwọ̀n PISA kò lè tún un ṣe, nítorí pé ohun tí ìwọ̀n náà mọ̀ kò ju bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe tóbi tó, ẹ̀ka tí ó wà, àti iye ọmọ tí ó sá. Ó gbé ẹrù ọmọ tí kò wá lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wá lórí, gẹ́gẹ́ bí àwọn 32 inú àpẹẹrẹ ìṣáájú.

Àwọn onímọ̀ náà wá fi àkọsílẹ̀ ìjọba ṣe ìwọ̀n tuntun ní ọ̀nà méjì. Èkíní ṣírò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ọmọ tí ó ní irú máàkì báyìí jẹ́pè, ó sì fún àwọn ọmọ tí irú wọn kì í sábà wá ní ìwọ̀n tí ó tóbi jù. Èkejì mú kí àwọn tí ó wá bá iye tí àkọsílẹ̀ gbogbo ilẹ̀ náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ mu, ní ìtẹ̀lé ọ̀nà tí Deming àti Stephan ti là. Ìpíndọ́gba wálẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti mú jù lọ ni àfiwé ọdún méjèèjì: kò sí àmì kankan pé iye àwọn tí ó jẹ́pè ní ọdún 2000, tí ó fi díẹ̀ ga ju ti ọdún 2003 lọ, mú èsì tí ó dára jù wá. Bẹ́ẹ̀ ni a gba ti àkọ́kọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, tí a sì ju ti ìkejì nù.

Àfiwé tí kò yẹ

Ìyẹn ni ipò 7, ipò 8 àti ipò 4 tí mínísítà fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìjábọ́. Nígbà tí ọdún 2009 fi dé, Ìlú Ọba gba 494 nínú ìwé kíkà, 492 nínú ìṣirò àti 514 nínú sáyẹ́ǹsì. Bí ènìyàn bá fi 492 wé 529, ìjábọ́ náà bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n 529 yẹn ni àwọn ọmọ aláìlágbára kò sí nínú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn ọdún 2003, wọ́n tún ètò àṣàyàn ṣe, àwọn tí ó jẹ́pè sì pọ̀ sí i. Wọ́n tún gbé àkókò ìdánwò kúrò ní ìgbà ìrúwé bọ́ sí ìparí ọdún, débi pé kíláàsì tí àwọn ọmọ ọdún 15 wà ní ọjọ́ ìdánwò kò rí bákan náà mọ́. Iye àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń kópa pẹ̀lú ti lé sí i láti 2000 wá, ipò nìkan kò sì lè sọ èyí.

John Jerrim kó gbogbo èyí jọ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, ó sì gbé TIMSS kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà tí PISA ń sọ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń já wálẹ̀ nínú ìṣirò, TIMSS fi hàn pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ gòkè láti 496 ní ọdún 1999 sí 513 ní ọdún 2007. Ìdánwò méjèèjì kò bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà, wọn kò sì mú irú ọmọ kan náà, kò sì yẹ kí a sọ pé TIMSS jàre tí PISA jẹ̀bi. Ohun tí ó dájú ni pé ìjábọ́ tí a kéde kò ní ẹsẹ̀ méjèèjì tí yóò fi dúró. OECD fúnra wọn ti kìlọ̀ pé kò yẹ kí a fi èsì ọdún 2000 Ìlú Ọba wé ti ọdún 2009. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Andrew Dilnot, alága àjọ tí ń bójú tó sitatísíìkì ní Ìlú Ọba, kọ lẹ́tà kan tí ó ti ìkìlọ̀ náà lẹ́yìn.

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún mínísítà náà. Kì í ṣe òun ni ó dá àwọn iye náà sílẹ̀, orí ìwé OECD ni wọ́n wà. Ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iye rọrùn láti kéde lórí pẹpẹ ju ìkìlọ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó lo gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn nínú kíláàsì, tí wọ́n wá sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò ní àǹfààní láti mọ̀ pé apá kan nínú ìbàjẹ́ náà jẹ́ ti àwọn ọmọ tí wọn kò kà ní 2000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kà.

Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì parí. Ní ìdánwò ọdún 2022, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, iye àwọn tí ó jẹ́pè tún wálẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan. Nínú tábìlì tí OECD tẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àmì ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ìlú Ọba.